LÁTI ORÍ RÀKÚNMÍ DÉ ORÍ TÍRÉLÀ: ÌTÀN ÀWỌN AWAKỌ̀ Ọ̀NÀ AṢÁLẸ̀

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, tí Ó sì la ọ̀nà sínú rẹ̀ kí ẹ̀dá lè máa rìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Mùhámmádù, ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí wàhálà oníṣòwò lójú ọ̀nà kí iṣẹ́ ńlá tó dé bá a. 

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ògèrè yóò ti rí tírélà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, yóò sì ti rí àwọn tó ń wà á tí wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń sùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa wọn kò ju pé ọkọ̀ wọn a máa dí ọ̀nà, bíréèkì wọn a sì máa já. A máa ń pòṣé, a máa ń ṣépè, a ó sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Òyìnbó kó mọ́tò dé. Iṣẹ́ àtọdúnmọ́dún ni, òun náà ló sì gbé ẹ̀sìn wa àti ìwé wa wá sí apá ibi tí a wà yìí. Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí á sọ ìtàn àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń ti ilẹ̀ kan dé òmíràn, pàápàá àwọn tó ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ jìnnà sí Yorùbá, kí ó wo inú àwo obì níbi ìsọmọlórúkọ. Kí ni à ń pe obì aláwẹ́ méjì? Gbànja ni. Orúkọ ilẹ̀ Gonja tó wà ní àríwá Gánà òde òní ni. Láti Salaga ní ilẹ̀ Gonja ni àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń ra obì yìí, tí wọ́n ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti orí ènìyàn rù ú dé Kánò, tí òmíràn nínú rẹ̀ sì ń bá ràkúnmí wọ aṣálẹ̀ lọ. Obì náà dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ ìlú tó ti wá kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀NÀ KÍ MỌ́TÒ TÓ DÉ

Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé fi ìrìn-àjò oníṣòwò ṣe ẹ̀rí oore Ọlọ́hun. Nínú Súrátù Kùráíṣì, Ọlọ́hun rán àwọn ará Mẹ́kà létí àjò méjì tí wọ́n máa ń lọ, ọ̀kan nígbà òtútù, ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onítúmọ̀ sọ pé ti ìgbà òtútù ń lọ sí Yẹ́mẹ̀nì, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń lọ sí ilẹ̀ Ṣámù. Mẹ́kà kò ní oko, kò ní odò. Ojú ọ̀nà ni oúnjẹ wọn wà. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ni súrà náà parí sí: oúnjẹ tí ń lé ebi lọ, àti ààbò tí ń lé ẹ̀rù lọ. Ẹ jẹ́ kí á mú ohun méjì yìí lọ́wọ́ bí a ti ń bá ìtàn yìí lọ.

Ní ìhà tiwa níbí, ẹni tó jẹ́ ká mọ bí ọ̀nà aṣálẹ̀ ti rí ní àtijọ́ ni Ibn Battuta, onímọ̀ ará Tangier. Ní oṣù Fẹ́búárì 1352 ni ó bá ọ̀wọ́ oníṣòwò kúrò ní Sijilmasa ní ilẹ̀ Mòrókò. Ọjọ́ 25 ni wọ́n fi dé Taghaza, ìlú tí kò sí igi kankan níbẹ̀, tí wọ́n fi òkúta iyọ̀ kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n sì fi awọ ràkúnmí bo orí wọn. Láti ibẹ̀, wọ́n ní láti pọn omi tí yóò tó wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Oṣù méjì géérégé lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ni wọ́n tó dé Walata.

Ohun kan wà nínú ìròyìn rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ wa mọ̀. Àwọn oníṣòwò a máa bẹ ọkùnrin kan lọ́wẹ̀ tí wọ́n ń pè ní takshif. Òun nìkan ni yóò ṣáájú, yóò mú lẹ́tà wọn lọ sí Walata, kí àwọn ará ibẹ̀ lè gbé omi pàdé wọn ní ìrìn òru mẹ́rin sí ìlú. Bí takshif bá kú sọ́nà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ọ̀wọ́ ń bọ̀, gbogbo wọn tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lè ṣègbé. Owó iṣẹ́ ọkùnrin yìí tó 100 mìtíkálì wúrà. Afinimọ̀nà tí Ibn Battuta bá rìn ńkọ́? Ojú kan rẹ̀ ti fọ́, èkejì ń ṣàìsàn, síbẹ̀ òun ló mọ ọ̀nà jù. Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú aṣálẹ̀, ta ni èèyàn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀nà yìí kan náà ni ìmọ̀ gbà. Ṣéù Muhammad al-Maghili, ará Tlemcen, la aṣálẹ̀ kọjá ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kọ́ni ní Agadez, ní Takedda, ní Kátísínà àti ní Kánò, ó sì kọ ìwé lórí ojúṣe ọba fún Muhammad Rumfa, Ọba Kánò. Mọ́ṣáláṣí ńlá Agadez, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1515 tí wọ́n sì tún kọ́ ní 1844, ṣì dúró títí di òní. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé ìpèrun rẹ̀ sì ga tó mítà 27, tí ẹni tó ń bọ̀ láti inú yanrìn yóò fi rí i lókèèrè. Ní 2013 ni UNESCO kọ àárín ìlú àtijọ́ náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Àwa náà, Ìmàle ni wọ́n ń pè wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì gbà pé láti ara Málì ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Málì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò, a kò sì gbọdọ̀ gbé e mì. Kì í ṣe iyọ̀, wúrà àti ìwé nìkan ni ọ̀nà yìí gbé. Nígbà tí Ibn Battuta ń padà lọ sílé láti Takedda ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1353, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé 600 ẹrúbìnrin ló wà nínú ọ̀wọ́ tí òun bá lọ. Ènìyàn pẹ̀lú di ẹrù lójú ọ̀nà yẹn. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

MỌ́TÒ WỌ INÚ YANRÌN

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1922, mọ́tò Citroën márùn-ún gbéra láti Touggourt ní Àlgéríà. Wọ́n fi táyà sí iwájú, wọ́n fi bẹ́líìtì rọ́bà dípò táyà ẹ̀yìn kí wọ́n má baà rì. Ní ọjọ́ keje oṣù Jánúárì 1923, wọ́n wọ Timbuktu. Ìrìn tí ràkúnmí ń fi oṣù rìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò fi rìn ín. Kí ọdún 1940 tó dé, ilé-iṣẹ́ Faransé kan ti ń fi mọ́tò kó èrò àti ẹrù láti Àlgéríà dé Kánò.

Ní ilẹ̀ tiwa, ohun mìíràn ti yí ọjà padà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní 1912 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó dé Kánò. Láti ìgbà náà, awọ tó ti ń gun ràkúnmí lọ sí Tripoli tẹ́lẹ̀ kọjú sí Èkó. Obì gbànja tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ Yorùbá náà gba Agége lọ sí òkè Ọya. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé tó ń bá rélùwéè du ẹrù. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje, oníṣòwò tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi mọ́tò akẹ́rù là. Báyìí ni ọmọ ilẹ̀ wa di dírẹ́bà, tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Kánò, tó ń wà á lọ sí Kútọnu, Lòmé àti Àkrà.

Ìtàn igi kan wà tí àwọn awakọ̀ aṣálẹ̀ kì í gbàgbé. Ní Ténéré, ní ilẹ̀ Niger, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo ló dúró láàárín yanrìn tó lọ súà, tí kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Àwọn oníràkúnmí tó ń lọ sí Bilma láti gbé iyọ̀ fi ṣe àmì ọ̀nà. Wọn kì í ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dáná, ràkúnmí wọn kì í jẹ ewé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ìdí rẹ̀ ní 1938 sí 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju mítà 30 lọ láti wá omi. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan, tí wọ́n ní ọtí ló pa á, fi ọkọ̀ gbá igi náà wó. Gbogbo ilẹ̀ gbalasa tó wà níbẹ̀ kò tó o, àfi orí igi kan ṣoṣo náà! Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún náà, wọ́n sì ri irin sí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí a bá ń sọ fún yín pé hàráámù ni ọtí, ẹ rántí igi yìí: ohun tí oòrùn, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ràkúnmí fi sílẹ̀ láti ìran dé ìran, ọtí ọjọ́ kan pa á.

TÍTÌ ỌLỌ́DÀ

Ní 1966, àwọn ìjọba ilẹ̀ tí aṣálẹ̀ kàn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti ṣe títì tí yóò so Algiers pọ̀ mọ́ Èkó. Gígùn ọ̀nà náà tó 4,500 kìlómítà. Àlgéríà da ọ̀dà tirẹ̀ dé Tamanrasset ní 1978. Ní ilẹ̀ Niger, uranium tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Arlit ní 1971 ló jẹ́ kí títì dé ìhà ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bíi 1980, wọ́n ti ṣe ọ̀nà láti Tahoua gba Agadez dé Arlit.

Uranium yìí jẹ́ ká rí bí ọ̀rọ̀ ayé ti so kọ́ra. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àgbá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, tírélà yóò gbé e láti Arlit, yóò sọdá odò Ọya ní Malanville, yóò sì gbé e dé Parakou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin yóò ti gbé e rin 438 kìlómítà dé èbúté Kútọnu, kí ó tó di ti Faransé. Àárín ìlú àwọn ọmọ ìyá wa ni ọ̀nà Parakou sí Kútọnu ń gbà kọjá: Sábẹ̀ẹ́ àti Ìdáìṣà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa. Ohun tí ń tan iná ní ilé Òyìnbó, ẹ̀gbẹ́ ilé Yorùbá ló máa ń gbà kọjá nígbà náà, lẹ́yìn ọkọ̀ tí dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ń sùn sábẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn.

BÍ AWAKỌ̀ ṢE Ń GBÉ

Ibi tí ọ̀dà parí sí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti Agadez lọ sí Dirkou àti Líbyà, yanrìn ni. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo táyà rẹ̀ ń fà. Bí awakọ̀ bá dé ibi tí yanrìn ti rọ̀, yóò jọ afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí. Bí ó bá rì, àwọn ọmọ ọkọ̀ yóò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọn yóò wa yanrìn, wọn yóò sì tẹ́ irin pẹlẹbẹ síwájú táyà. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, awakọ̀ kò gbọdọ̀ dúró mọ́ títí yóò fi dé orí ilẹ̀ líle. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ni yóò ru irin gbígbóná náà sórí tí wọn yóò sáré tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn àtirìn ní òwúrọ̀ kùtù àti ní òru, nígbà tí òtútù ti mú yanrìn dì.

Omi ni ẹ̀mí. Wọ́n a fi àpò ìdọ̀họ rán kẹ́ẹ̀gì omi pọ̀, wọ́n a bu omi wọ́n ọn, wọ́n a sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè mú un tutù. Ẹrù tó ń bọ̀ láti Líbyà lè jẹ́ makaróònì, kúbùsù àti tòmátò alágolo. Èyí tó ń lọ síbẹ̀ lè jẹ́ àgùntàn àti ràkúnmí. Iyọ̀ àti dàbínù ń bọ̀ láti Bilma. Lórí ẹrù náà ni èrò yóò tún jókòó sí. Bí wọ́n bá dúró, wọn yóò fi igi díẹ̀ tí wọ́n gbé dání dáná tíì, wọn yóò sì mu ún nígbà mẹ́ta bí àṣà àwọn Tuareg. Ní ọ̀sán, oòrùn ń jó ni. Ní òru ìgbà ọyẹ́, òtútù ń gbọ̀n ni. Ọyẹ́ tó ń mú wa nínú oṣù Dìsẹ́ńbà níbí, láti ilé wọn ló ti ń bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí ẹ̀yà ara tí wọ́n nílò kò sí lọ́wọ́, awakọ̀ yóò bá ọkọ̀ mìíràn wọ ìlú lọ wá a. Ta ni yóò ṣọ́ ẹrù? Ọmọ ọkọ̀ ni. Wọn yóò fi omi àti oúnjẹ díẹ̀ sílẹ̀ fún un, yóò sì wà níbẹ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìrí ẹnì kankan ju ẹni tó bá ń kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọkọ̀ ṣe ń kọ́ iṣẹ́: ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi fọ ọkọ̀, tí yóò fi lẹ táyà, tí yóò fi wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n tó gbé sìtíárìn lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi wàláà kọ́ kéwú lọ́dọ̀ àfáà yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ilé tí awakọ̀ fi sílẹ̀ ńkọ́? Nínú àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú, àwọn kan wà tí bàbá wọn ń wa tírélà. Ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ Súrátù Yáásìn kí bàbá rẹ̀ tó lọ, kí ó sì ti há a sórí kí ó tó dé. Ìyá ló ń san owó ilé-ìwé, ìyá ló ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ìyá náà ló ń fetí sílẹ̀ ní òru bóyá òun yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi yé wa pé ìyà wà nínú ìrìn-àjò, àti pé ẹni tó bá ti parí ohun tó bá lọ, kí ó tètè padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀.

ÌRUN ÀTI ÀÀWẸ̀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ̀sìn wa kò ni awakọ̀ lára. Gẹ́gẹ́ bí mọ́síábì Ìmáàmù Máliki tí à ń tẹ̀ lé, ẹni tí àjò rẹ̀ bá tó nǹkan bíi 80 kìlómítà lè dín ìrun rákà mẹ́rin kù sí méjì: Àyìlá, Alaasàrí àti Ìṣáì. Àsùbá àti Mọ̀gàríbì kò ní àdínkù. Ó lè pa Àyìlá pọ̀ mọ́ Alaasàrí, kí ó pa Mọ̀gàríbì pọ̀ mọ́ Ìṣáì. Bí kò bá sí omi ju èyí tí yóò mu lọ, kí ó fi yanrìn tàbí òkúta mímọ́ ṣe tayámọ́mù. Jímọ̀ kì í ṣe dandan lé arìnrìn-àjò lórí. Ní Ràmàdáánì, ó lè ṣínu, yóò sì san án padà.

Àwọn awakọ̀ máa ń béèrè pé: "Àfáà, àwa tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni à ń rìn ńkọ́?" Èsì tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fọ̀ ni pé awakọ̀ tó ní ilé tó ń padà sí, arìnrìn-àjò ni nígbàkúùgbà tó bá wà lójú ọ̀nà, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ìrọ̀rùn yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ìlú kan tó sì pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbẹ̀, kí ó máa kí ìrun rẹ̀ pé. Ẹni tó sì wà ní bodè tí kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò dá a sílẹ̀, tó ń sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni òun yóò lọ, kò tíì di onílé. Ó ṣe pàtàkì kí awakọ̀ mọ èyí, nítorí àwọn kan ti pa ìrun tì pátápátá, wọ́n rò pé ẹni tó bá lẹ́pa tí kò lè kí i pé kò ní ọ̀nà mìíràn.

BODÈ

Tí yanrìn bá tán, bodè ló kù, àwọn awakọ̀ mìíràn yóò sì sọ pé yanrìn sàn jù ú lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Máyì 1975 ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè máa wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà. Ní 1982, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti sé ẹrù rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ní èbúté kò gbọdọ̀ di títú títí yóò fi dé ibi tó ń lọ; wọ́n sì fọwọ́ sí káàdì ìdójútòfò aláwọ̀ ilẹ̀ tí awakọ̀ yóò máa lò káàkiri. Lórí ìwé, ó dára púpọ̀. Lójú ọ̀nà, ọ̀pá ni wọ́n fi dábùú títì: ti ọlọ́pàá, ti aṣọ́bodè, ti sójà. Èdè Faransé ní ìhà kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà kejì. Sẹ́fà nínú àpò òsì, náírà nínú àpò ọ̀tún. Owó ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, Ànábì wa sì ti ṣépè fún un. Ẹni tí wọ́n fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó rí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ gbà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn ẹni tó gbà á.

Bí ìjọba méjì bá jà, awakọ̀ ni koríko tí erin méjì ń tẹ̀. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1969, Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá di ẹrù wọn sí ẹ̀yìn lọ́rì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà. Ní oṣù Jánúárì 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé àwọn ará Gánà. Gánà ti ti bodè tirẹ̀ láti oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1982, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 29 oṣù Jánúárì 1983. Lọ́rì tí èrò kún fọ́fọ́ há sí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2019, Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀ rẹ̀, ó di oṣù Dìsẹ́ńbà 2020 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Nígbà tí sójà gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ECOWAS ní kí wọ́n ti bodè. Tírélà tò gbọọrọ ní Malanville àti ní bodè àríwá wa, àlùbọ́sà rà mọ́ inú ọkọ̀, awakọ̀ sì ń jẹ owó tó yẹ kó mú relé. Oṣù Kẹta 2024 ni Nàìjíríà tó ṣí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Jánúárì 2025, Niger, Málì àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá.

Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rántí pé nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Ọlọ́hun ní kí á fún ní sàká, ọmọ ojú ọ̀nà wà níbẹ̀. Ẹni tó há sí ìlú onílùú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olówó ní ilé rẹ̀, ó ní ìpín níbẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ẸRÙ BÁ JẸ́ ÈNÌYÀN

A ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ ẹrú ìgbà Ibn Battuta. Lónìí, kò sí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Láti Agadez àti Arlit, àwọn ọmọ wa ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí Líbyà àti Àlgéríà, wọ́n ń wá Yúróòpù. Ní ìparí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2013, ọkọ̀ akẹ́rù méjì gbéra ní Arlit, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn, wọ́n forí lé Tamanrasset. Ọ̀kan bàjẹ́. Èkejì kó èrò tirẹ̀ sílẹ̀, ó padà lọ wá ohun tí wọ́n yóò fi tún un ṣe. Omi tán. Nígbà tí wọ́n rí wọn ní oṣù Ọ̀kítóbà, òkú 92 ni wọ́n kà: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Wọ́n túká sínú yanrìn, nítorí olúkúlùkù ti gbìyànjú láti fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí omi wà. Wọn kò jìnnà sí bodè Àlgéríà mọ́.

Ní 2015, ìjọba Niger ṣòfin tó sọ kíkó irú èrò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wẹ̀wọ̀n, wọ́n pàdánù ọkọ̀. Àwọn mìíràn fi ojú ọ̀nà tí kànga wà sílẹ̀, wọ́n ń gba ibi tí ọlọ́pàá kò sí, ikú sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2023, ìjọba sójà fa òfin náà ya. Òfin wá, òfin lọ, aṣálẹ̀ kò yí padà.

A kò sọ èyí láti dá àwọn awakọ̀ lẹ́bi lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gbé ẹni ẹlẹ́ni tí òǹgbẹ ń pa lọ, tí wọ́n pín omi wọn fún un. Ohun tí à ń sọ ni pé amáánà ni ẹrù jẹ́. Bí àpò iyọ̀ kan bá sọnù, a lè san owó rẹ̀. Ènìyàn kò ní iye. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ èrò, tó sì já a sílẹ̀ nínú yanrìn nítorí pé ó rí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá lókèèrè, ti jẹ amáánà, ẹ̀mí náà yóò sì béèrè ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyáámà. Nígbà tí takshif àtijọ́ bá ń dá lọ nínú òru, ó mọ̀ pé ẹ̀mí gbogbo ọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí awakọ̀ òde òní mọ̀ ọ́n.

OHUN TÓ KÙ FÚN WA

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò mú yín gba aṣálẹ̀ lọ sí Yúróòpù, ẹ ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Oko tó wà níle àti iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìtìjú. Iṣẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ìtìjú; halálì ni, ó sì ní ọlá, bí a bá fi ìrun, ìwé àṣẹ àti ojú tí ọtí kò kàn ṣe é.

Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ẹ má ṣe dá iye ọjọ́ tí kò ṣeé ṣe fún awakọ̀ yín. Oorun tí ẹ kò jẹ́ kó sùn ni yóò sùn lórí sìtíárìn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á gbé wàásí lọ sí gáréèjì bí a ti ń gbé e lọ sí gbàgede, kí á ṣe ibi ìkírun àti omi ààlúwàlá sí ibi tí tírélà ń sùn, kí á kọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀ ní Fátíhà àti ìrun arìnrìn-àjò. Ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀, Ọlọ́hun rí sùúrù yín. Ẹ̀yin aládùúgbò wọn, bí bàbá ilé kò bá sí nílé, ẹ bojú wo àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun méjì ni Súrátù Kùráíṣì fi parí: oúnjẹ àti ààbò. Oúnjẹ wa ni àwọn awakọ̀ ń gbé kiri lójú ọ̀nà. Ààbò wọn ni ó kù tí àwa, àwọn ìjọba wa àti àwọn fúnra wọn jẹ wọ́n. A gbọ́ pé àdúà arìnrìn-àjò kì í padà lófo. Ẹ jẹ́ kí àdúà tí wọ́n bá ń ṣe nípa wa jẹ́ rere.

Kí Ọlọ́hun Ọba mú gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà padà sílé láyọ̀. Àmín.